Ọjọ́ kẹfà pẹ̀lú mech oníbàbà: èéfín ń dínkù, bọ́tìnì ń gbóná. Ṣé ẹ̀rọ ni àbí èmi?

Àkànní_Olówùú

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin àgbà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí.

Ó pé ọjọ́ mẹ́fà lónìí tí mo ti ń lo mech àkọ́kọ́ mi, ìyẹn ẹ̀rọ vape (sìgá oníná) tí bátìrì ń gbé iná lọ sí kọ́ìlì ẹ̀ tààrà. Ọ̀pá bàbà ni, bátìrì róbótó kan tí wọ́n ń pè ní 18650 ló ń gbà, bọ́tìnì ẹ̀ wà ní ìdí, kò sì sí bọ́ọ̀dù (ẹ̀rọ kékeré tó ń darí iná) kankan nínú ẹ̀. Átọ́máísà (orí tó ń sọ omi di èéfín) tí mo gbé lé e lórí jẹ́ èyí tí èèyàn ń fọwọ́ kán omi vape sí, kọ́ìlì (wáyà lílọ́ tó ń gbóná) méjì ló wà nínú ẹ̀. Ẹ̀rọ oníbọ́ọ̀dù ni mo fi bọ́ lọ́wọ́ sìgá, ọdún méjì ni mo sì fi lò ó kí n tó bọ́ sórí èyí.

Ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, mi ò ní parọ́, mo gbádùn ẹ̀ dọ́ba. Bí mo bá ti tẹ bọ́tìnì báyìí, èéfín ti dé. Adùn omi náà jáde ju bí mo ṣe mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ lọ. Mo tiẹ̀ ti fẹ́ wá kọ ọ́ síbí pé ẹ̀rọ yìí ò lẹ́gbẹ́. Àfi bí nǹkan ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà lọ́jọ́ kẹrin. Bátìrì tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ lórí ṣájà, tó kún dẹ́múdẹ́mú, á máa ṣe bíi pé mo ti lò ó dé ìdajì. Kọ́ìlì ń pẹ́ kó tó gbóná. Bọ́tìnì náà ń há, ó sì ń dún rìkìrìkì bíi pé iyanrìn wà nínú ẹ̀. Èyí tó wá ń bà mí lẹ́rù jù ni pé òun gan-an ti ń gbóná. Láàárọ̀ yìí, mi ò tíì fà á ju ẹ̀ẹ̀marùn-ún lọ tí ìka tí mo fi ń tẹ̀ ẹ́ ò fi gbà á mọ́.

Ṣé kí n gbà pé ẹ̀rọ náà ò dáa ni? Báwo lẹ̀yin ṣe ń yẹ mech wò lẹ́yìn ọjọ́ bíi mélòó kan, kí ẹ tó lè fi gbogbo ẹnu sọ pé èyí dáa, èyí ò dáa?


Ìyá_Bátìrì

Àkànní, ọmọ mi, kọ́kọ́ yọ bátìrì yẹn jáde. Má tíì ka èyí tó kù. Yọ ọ́, gbé e sórí nǹkan tí kì í ṣe irin, kó o tó padà wá.

O ti ṣe é? Ó dáa.

Bí bọ́tìnì bá ti ń jó èèyàn lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti adùn àti èéfín. Ẹ̀rọ oníbọ́ọ̀dù tó o ti ń lò bọ̀ ní ohun tó ń ṣọ́ ẹ. Bí kọ́ìlì bá bíríìjì, ìyẹn bí iná bá gba ọ̀nà àbùjá, kò ní ṣiṣẹ́. Bí bátìrì bá lọ sílẹ̀ jù, á pa ara ẹ̀. Bó o bá tẹ bọ́tìnì tó o gbàgbé ọwọ́ síbẹ̀, á gé e fúnra ẹ̀. Mech ò ní ọ̀kankan nínú ìyẹn. Bátìrì, irin, kọ́ìlì, ó tán. Ohunkóhun tí kọ́ìlì bá bèèrè ni bátìrì máa gbé sílẹ̀, ì báà pa bátìrì náà. Ìwọ fúnra ẹ ni bọ́ọ̀dù ẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ń ka ohun tí ẹnikẹ́ni bá sọ nípa mech lọ́jọ́ àkọ́kọ́ sí. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, gbogbo ojú irin ló mọ́, sípírìǹgì ṣì le, awọ bátìrì ò tíì ya. Kò sí mech tí kò dáa lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Wá dá mi lóhùn. Óhmù (ìwọ̀n bó ṣe ń dí iná lọ́wọ́) mélòó ni kọ́ìlì ẹ? Èyí tó o fi ẹ̀rọ wò ni mò ń bèèrè o, kì í ṣe èyí tí wọ́n kọ sára páálí. Ámpù (ìwọ̀n bí iná tó ń ṣàn ṣe pọ̀ tó) mélòó ni bátìrì ẹ lè máa gbé láìsinmi? Awọ ara ẹ̀ ńkọ́? Gbé e síbi tí iná wà, yí i po, pàápàá etí orí ẹ̀. Èyí tí mo fẹ́ mọ̀ jù rèé: ṣé ìdérí ọ̀pá yẹn ní ìṣó (irin kékeré tí iná ń gbà kọjá) tiẹ̀ láàárín, àbí ìṣó ìdí átọ́máísà ló ń kan orí bátìrì tààrà?


Oníwáyà

Ìyá ti sọ ọ́. Iṣẹ́ iná ni mo ń ṣe jẹun, ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí ooru yẹn ti ń wá.

Níbikíbi tí iná bá ti ń kọjá, tí irin méjì ò sì fara kanra dáadáa níbẹ̀, ibẹ̀ ló máa gbóná. Páṣà là ń pè é lẹ́nu iṣẹ́ wa. Agbára tí kò bá dé ọ̀dọ̀ kọ́ìlì ò kú o. Ojú ọ̀nà ló dúró sí, ó di ooru. Àkànní, èéfín tó dínkù àti bọ́tìnì tó ń gbóná, àìsàn kan náà ni wọ́n.

Bí mo ṣe máa ń wọ̀n ọ́n rèé. Bí bátìrì bá kún, máa jẹ́ kó sinmi bíi wákàtí kan lẹ́yìn tó kúrò lórí ṣájà, kó o fi mítà wò ó. Ó yẹ kó wà láàárín fóltì 4.15 sí 4.2. Kọ ọ́ sílẹ̀. Wá fi bátìrì sínú ọ̀pá, rin òwú átọ́máísà dáadáa kó má baà jóná, ṣí orí ẹ̀, kó o fi ẹnu mítà kan kan òpó pósítíìfù, kí èkejì kan òpó nẹ́gétíìfù. Má jẹ́ kí ẹnu mítà méjèèjì kanra. Tẹ bọ́tìnì fún ìṣẹ́jú-àáyá méjì sí mẹ́ta, ka ohun tí mítà sọ, kó o jọ̀wọ́ ẹ̀. Ohun tó fi dín sí ti àkọ́kọ́ ni èyí tó sọnù lójú ọ̀nà.

Bátìrì fúnra ẹ̀ ló ni díẹ̀ nínú ẹ̀, torí kò sí bátìrì tí kì í wálẹ̀ bó bá ru ẹrù. Èyí tó ṣì lágbára, tó ń gbé bíi ámpù 10, lè fi bíi ìdámẹ́rin fóltì wálẹ̀. Ìyókù, ọ̀pá ló jẹ ẹ́.

Àmọ́ ìwọ̀n ẹ̀ẹ̀kan ò sọ ohun tó pọ̀. Wọ̀n ọ́n báyìí tó ṣì dọ̀tí, kó o tú u, fọ̀ ọ́, kó o tún un wọ̀n: bátìrì kan náà, kọ́ìlì kan náà, kí bátìrì sì kún dé ibì kan náà. Bí ti ẹ̀ẹ̀kejì bá gòkè dáadáa, ìdọ̀tí ni. Bí kò bá gòkè, bátìrì ni tàbí ẹ̀rọ náà, a óò wá ẹ̀.

Ẹ má sì fi mítà lásán wọn óhmù kọ́ìlì. Mítà tí gbogbo wa ń lò, bó bá ti wá sísàlẹ̀ óhmù 1, kò ṣeé gbára lé mọ́. Gbé átọ́máísà náà sórí ẹ̀rọ oníbọ́ọ̀dù ẹ àtijọ́, á kà á fún ẹ.


Àkànní_Olówùú

Ẹ ṣeun mà. Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n Oníwáyà. Mo ti yọ ọ́.

Ẹ̀rọ àtijọ́ ka kọ́ìlì náà sí óhmù 0.4. Bátìrì mi jẹ́ ti ámpù 20, 2500 mAh (ìwọ̀n iná tó lè kó pamọ́). Ìdérí ọ̀pá ò ní ìṣó tiẹ̀, ihò lásán ni, ìṣó átọ́máísà ló ń kan bátìrì.

Ní ti awọ: mo tan tọ́ọ̀ṣì, mo yí i po lẹ́ẹ̀kan, mi ò rí nǹkan kan. Mo yí i lẹ́ẹ̀kejì, mo bá rí i. Awọ ti ya létí orí, kò ju ìdajì èékánná lọ, irin funfun ń dán lábẹ́ ẹ̀. Ìwé róbótó tó máa ń yí orí bátìrì ká, tiẹ̀ ti yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Mo sì gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́ ohun kan. Lọ́jọ́ kẹta, mo gbé táǹkì tí mo fi ń lo ẹ̀rọ oníbọ́ọ̀dù lé ọ̀pá yìí lórí. Mi ò yí i dé òpin. Mo tẹ bọ́tìnì lẹ́ẹ̀kan, kò ṣiṣẹ́, mo bá yọ ọ́ kúrò. Báyìí tí ẹ bèèrè ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wo ìdí ẹ̀. Ìṣó àárín ẹ̀ bá tẹ́ẹ̀dì ẹ̀ (ibi onílà tí a fi ń yí i wọlé) dọ́gba, kò yọ síta rárá.


Ìyá_Bátìrì

Ara mi gbọ̀n bí mo ṣe ka ìyẹn. Ọpẹ́ ló yẹ wá pé o ò yí i dé òpin.

Ẹ jẹ́ kí n là á yé gbogbo ẹni tó ń kà á, torí èèyàn lè lo mech lọ́dún kan kó má mọ̀ ọ́n. Orí bátìrì, ibi kékeré tó yọ yẹn, ni pósítíìfù. Gbogbo ara ẹ̀ tó kù, láti ìdí títí dé èjìká, nẹ́gétíìfù ni. Awọ tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn àti ìwé róbótó orí ẹ̀ nìkan ló ya méjèèjì sọ́tọ̀. Bó o bá tẹ bọ́tìnì, ńṣe lò ń so ìdí bátìrì mọ́ ọ̀pá, ọ̀pá á wá di nẹ́gétíìfù títí dé ìdérí, títí dé tẹ́ẹ̀dì átọ́máísà.

Ibi tí awọ bá ti ya ló máa sọ irú ewu tó wà níbẹ̀. Bó bá ya lẹ́gbẹ̀ẹ́, tí ara bátìrì kan ọ̀pá, á fo bọ́tìnì kọjá: kọ́ìlì á máa jó láìsí ẹni tó tẹ̀ ẹ́, nínú àpò, lórí ibùsùn, níbikíbi. Bó bá ya létí orí bíi tìẹ, tí ìṣó átọ́máísà yẹ̀ díẹ̀ kan èjìká bátìrì, ó ti bíríìjì nìyẹn, kọ́ìlì ò sí láàárín mọ́, gbogbo agbára bátìrì á dà jáde lẹ́ẹ̀kan. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti táǹkì ẹ. Ìṣó tí kò yọ síta ò lè dá kan orí bátìrì. Tẹ́ẹ̀dì tó yí i ká á kàn án pẹ̀lú, nẹ́gétíìfù sì ni tẹ́ẹ̀dì. Ká ní o yí i wọlé tán kó o tó tẹ̀ ẹ́ ni!

Torí náà, mech tí ìdérí ẹ̀ ò ní ìṣó, ìṣó átọ́máísà tó bá máa gùn ún gbọ́dọ̀ yọ síta, ojú lásán gbọ́dọ̀ rí i pé ó yọ, kó sì dúró gbọn-in, kó má ṣe wọlé bó o bá fi ìka tì í. Èyí tí sípírìǹgì wà lábẹ́ ẹ̀ ò yẹ ẹ́. Bó bá ń ṣe ẹ́ bíi pé bóyá ó yọ, bóyá kò yọ, má gbé e lé e.

Mi ò sọ ọ́ láti dẹ́rù bà ẹ́ lásán. Ní May 2018, ẹ̀rọ vape bú gbàmù mọ́ ọkùnrin kan lọ́wọ́ ní St. Petersburg, ní Florida, ó sì pa á. Ní January 2019, ó tún ṣẹlẹ̀ sí ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní Fort Worth, ní Texas. Àfọ́kù ẹ̀rọ náà gé iṣan ẹ̀jẹ̀ ọrùn ẹ̀. Ẹnu la máa ń gbé nǹkan yìí sí, ẹ rántí.

Èmi alára, lọ́dún tí mo bẹ̀rẹ̀, ju bátìrì kan sápò aṣọ pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ ilé. Mi ò tíì rìn dé ẹnu ọ̀nà tí itan mi fi bẹ̀rẹ̀ sí í ta mí. Mo rò pé kòkòrò ni. Nígbà tí mo fi máa fa àpò yẹn yọ, kọ́kọ́rọ́ náà ti gbóná débi tó fi àmì ara ẹ̀ sí mi lára. Àmì náà ṣì wà níbẹ̀. Láti ọjọ́ náà, bátìrì mi kan ò jáde nílé láìsí nínú àpótí rọ́bà ẹ̀.

Má dá bátìrì yẹn padà sínú ọ̀pá bó ṣe wà. Bí ara ẹ̀ ò bá tẹ̀ wọlé, tí kò wú, tí kò sì rùn, awọ tuntun ló nílò. Náílọ́ọ̀nù tí ooru máa ń fún mọ́ra ni. Wọ́n ti gé e sí ìwọ̀n 18650. Bó àtijọ́ kúrò pẹ̀lú ọwọ́, má lo abẹ. Gbé ìwé róbótó tuntun lé orí ẹ̀, ki bátìrì bọ náílọ́ọ̀nù, kó o fi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ irun fẹ́ ẹ díẹ̀díẹ̀, máa yí i, má jẹ́ kí ooru pẹ́ lójú kan. Á fún mọ́ ọn fúnra ẹ̀. Bí ara bátìrì bá tẹ̀ wọlé pẹ́nrẹ́n, má wẹ̀yìn, lọ gbé e fún àwọn tó ń kó bátìrì tó ti bàjẹ́.


Ìkúukùu

Ẹ kú iṣẹ́. Èmi fẹ́ kí èéfín tèmi pọ̀ jù báyìí lọ. Ṣé mo lè gbé kọ́ìlì wálẹ̀ sí óhmù 0.1 lórí irú ọ̀pá yìí? Bátìrì mi, wọ́n kọ 9900 mAh sí i lára.


Oníwáyà

Rárá o. Jọ̀ọ́, má ṣe é.

Fi óhmù pín fóltì, ámpù ló máa bọ́ sí ẹ lọ́wọ́. Bátìrì tó kún jẹ́ 4.2. Pín in sí 0.4 bíi ti Àkànní, ámpù 10.5 ni, ìdajì ohun tí bátìrì ẹ̀ lè gbé. Pín in sí 0.1, ámpù 42 ni. Kò sí 18650 kan tó lè máa gbé ìyẹn láìsinmi. Pẹ̀lú bátìrì ámpù 20 gidi, óhmù 0.21 ni ògiri, èèyàn kì í sì í fi ẹ̀yìn ti ògiri yìí. Ìdajì ámpù bátìrì ni èmi ò kọjá, torí kọ́ìlì lè tú, ẹsẹ̀ ẹ̀ lè kan ibi tí kò yẹ, bátìrì sì ń darúgbó.

Bátìrì ẹ yẹn wá ni olórí ọ̀ràn. Kò sí 18650 tó ń gbé 9900 mAh, ká má tíì sọ pé ó sún mọ́ ọn. Ẹni tó lè parọ́ yẹn sára bátìrì, irú ámpù wo ló máa kọ síbẹ̀ tí wàá gbà gbọ́? Má fi í sínú mech.


Ìyá_Bátìrì

Ìkúukùu, ẹ̀rọ oníbọ́ọ̀dù ni kó o fi wá èéfín púpọ̀, á ṣọ́ ẹ. Ẹni tí kò bá sì mu sìgá rí tó ń ka ibí yìí, jọ̀ọ́, kò sí nǹkan kan fún ẹ níbí. Nikotíìnì kì í jẹ́ kí èèyàn lọ bọ̀rọ̀.


Dídán_bí_Bàbà

Àkànní, jẹ́ kí n bá ẹ dé ìdí bọ́tìnì yẹn, torí mo mọ ohun tó o máa rí níbẹ̀.

Tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì kí sípírìǹgì má baà fò sọnù, kó o tú bọ́tìnì náà tán pátápátá. Wo ojú irin tó máa ń kan ìdí bátìrì. Wàá rí kókó dúdú wẹ́wẹ́ lójú ẹ̀, bíi pé ẹnì kan ń fi orí abẹ́rẹ́ gbígbóná gún un. Ibi tí iná ti ń ta nìyẹn. Gbogbo ìgbà tó o bá tẹ bọ́tìnì àti gbogbo ìgbà tó o bá jọ̀wọ́ ẹ̀, iná kékeré kan á ta láàárín irin méjèèjì kí wọ́n tó gbá ara wọn mú tàbí bí wọ́n ṣe ń já ara wọn sílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ò ṣe nǹkan kan. Ìgbà ọgọ́rùn-ún lójúmọ́, fún ọjọ́ mẹ́fà, á so eruku dúdú, iná kì í sì í fẹ́ gba inú dúdú yẹn kọjá. Ṣe lo gbọdọ̀ tẹ̀ ẹ́ ṣinṣin, kíá, kó o sì jọ̀wọ́ ẹ̀ kíá. Àwọn tó ń tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́ bíi pé wọn ò fẹ́ dá a lóró ni wọ́n ń ba ojú ẹ̀ jẹ́ jù.

Rọ́bà ìdí pẹ́ńsùlù lèmi fi ń pa á rẹ́. Bó bá ti le ju ti rọ́bà lọ, sáńpépà tó fẹ́lẹ́ gan-an, 1000 sókè, nà án pẹrẹsẹ sórí gíláàsì kí ojú irin má baà rí gbágungbàgun. Ìdí bátìrì náà á ní àmì dúdú tiẹ̀. Rọ́bà nìkan ni kó o fi kàn án, má gbé sáńpépà dé ibẹ̀. Lẹ́yìn náà, fi sípírítì àti òwú nu gbogbo ẹ̀, jẹ́ kó gbẹ.

Tẹ́ẹ̀dì ni àwọn èèyàn máa ń gbàgbé. Iná ń gba ibẹ̀ kọjá o. Rìkìrìkì tó o gbọ́ yẹn, eruku bàbà tí tẹ́ẹ̀dì ń lọ̀ lára ara ẹ̀ ni, òróró tí wọ́n fi gé e láti ilé iṣẹ́ sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibẹ̀. Búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó ti gbó àti omi gbígbóná pẹ̀lú ọṣẹ ló máa gbé e kúrò. Wàá rí i pé omi náà á dúdú bí ọbẹ̀dò. Gbẹ ẹ́ dáadáa kó o tó tò ó padà.

Wo rọ́bà tó ya irin bọ́tìnì sọ́tọ̀ kúrò lára ọ̀pá. Bó bá ti yọ́, tàbí tó ti wọ́, má tún un ṣe, pààrọ̀ ẹ̀. Bí bọ́tìnì náà bá jẹ́ ti sípírìǹgì, tẹ sípírìǹgì náà láàárín ìka méjì: èyí tí iná ti gba inú ẹ̀ kọjá máa ń rọ̀, kì í gòkè tán mọ́. Ti mágínẹ́ẹ̀tì kì í rọ̀, àmọ́ ooru tó bá kọjá bíi ìwọ̀n 80 ti Celsius lè gba agbára ẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀, kò sì ní dá a padà.

Àwọ̀ dúdú tó ń bo bàbà lóde, má yọra ẹ lẹ́nu. Èmi tiẹ̀ fẹ́ràn ẹ̀ bẹ́ẹ̀.


Súúrù

Mo fẹ́ fi tèmi kún un, kó má jẹ́ ẹ̀rọ nìkan la máa dá lẹ́jọ́. Mo ti bínú sí ọ̀pá kan fún ọ̀sẹ̀ méjì. Mo fọ̀ ọ́, mo yọ sípírìǹgì, mo pààrọ̀ ẹ̀, kò yí padà. Ìgbà tí mo wá ki bátìrì míì bọ̀ ọ́, tí àwọn méjèèjì jẹ́ irú kan náà, ara ẹ̀ yá gágá. Bátìrì àkọ́kọ́ ló ti darúgbó. Ẹ fi bátìrì méjì dán ọ̀pá wò kẹ́ ẹ tó sọ̀rọ̀.

Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fi orúkọ irin tàn yín. Òótọ́ ni pé bàbà ń gbé iná tó bíi ìlọ́po mẹ́rin idẹ. Àmọ́ mo ti lo idẹ tó tẹ́ mi lọ́rùn ju bàbà lọ.


Oníwáyà

Súúrù sọ òótọ́. Ara ọ̀pá nípọn, kò sì gùn; bó jẹ́ bàbà, bó jẹ́ idẹ, ohun tí ara ẹ̀ lásán ń dí lọ́wọ́ kò tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún óhmù. Àwọn oríkèé ló ń jẹ fóltì: bọ́tìnì, tẹ́ẹ̀dì, orí bátìrì. Ọ̀pá tí oríkèé ẹ̀ bá pọ̀, ibi tó o máa fọ̀ ló pọ̀ yẹn.


Àkànní_Olówùú

Ẹ kú ọjọ́ méjì o. Mo ti dé pẹ̀lú èsì.

Mo kọ́kọ́ wé awọ tuntun fún bátìrì náà bí Ìyá ṣe júwe ẹ̀. Ti àkọ́kọ́ wọ́, mo bó o, mo tún un ṣe. Ti ẹ̀ẹ̀kejì jókòó dáadáa. Mo wá wọ̀n ọ́n kí n tó fọ ohunkóhun, bí ẹ̀gbọ́n Oníwáyà ṣe wí. Bátìrì nísinmi: 4.18. Lójú òpó kọ́ìlì, pẹ̀lú bọ́tìnì ní títẹ̀: 3.55.

Mo tú u sórí aṣọ funfun. Gbogbo ohun tí Dídán sọ ló wà níbẹ̀. Mo fi kámẹ́rà fóònù sún mọ́ ojú irin bọ́tìnì: kókó dúdú ti tò yí àárín ẹ̀ ká bí òrùka, méjì nínú wọn sì jinlẹ̀ tí èékánná mi fi ń há sí i. Tẹ́ẹ̀dì tu eruku dúdú sínú omi. Rọ́bà inú bọ́tìnì ò yọ́. Ti sípírìǹgì ni bọ́tìnì tèmi, sípírìǹgì náà sì ti kúrú ju èkejì ẹ̀ tí wọ́n fi kún un nínú páálí lọ. Mo gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kò pamọ́ rárá. Mo pààrọ̀ ẹ̀.

Mo ṣáàjì bátìrì padà sí 4.18, mo tún un wọ̀n: 3.86.

Mo jókòó ṣírò ẹ̀. 3.55 lórí óhmù 0.4 ń fún kọ́ìlì ní wáàtì 31.5. 3.86 ń fún un ní 37. Ìyàtọ̀ yẹn ló jẹ́ kí n rò pé ó ti rẹ ẹ̀rọ náà. Bíi wáàtì 3 ni páṣà yẹn ń sun sínú oríkèé, ìka mi ló sì ń gbà á. Bọ́tìnì ò gbóná mọ́. Mo fà á lẹ́ẹ̀mẹwàá tẹ̀léra láàárọ̀ yìí, mo fọwọ́ kàn án, ó kàn lọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́ ni. Mo tún ki bátìrì kejì bọ̀ ọ́ nítorí ọ̀rọ̀ Súúrù: 3.85. Bátìrì mi méjèèjì yege.

Ní ti ìbéèrè mi àkọ́kọ́, bóyá ẹ̀rọ náà dáa: Lọ́jọ́ kẹta ńṣe ni ǹ bá yìn ín dé òkè, lọ́jọ́ kẹfà ńṣe ni ǹ bá sọ ọ́ nù. Lónìí tó jẹ́ ọjọ́ kẹjọ: ọ̀pá náà dáa, tẹ́ẹ̀dì ẹ̀ ń yí wẹ́rẹ́ báyìí tó ti mọ́, ihò tí gáàsì bátìrì máa gbà jáde wà ní ìdí ẹ̀, mo sì tan tọ́ọ̀ṣì sí i, ó là já. Sípírìǹgì ẹ̀ ò dáa, ọjọ́ mẹ́fà ò yẹ kó rẹ̀ ẹ́ báyẹn. Mágínẹ́ẹ̀tì ni mo máa fi rọ́pò ẹ̀. Òrùka tí wọ́n fi ń ti bọ́tìnì pa máa ń tú fúnra ẹ̀ bí mo bá fi sápò, ìyẹn ni mi ò lè fara mọ́. Títí tí màá fi rí ojútùú sí i, bátìrì kò ní wà nínú ẹ̀ bí kò bá sí lọ́wọ́ mi.


Dídán_bí_Bàbà

Òrùka yẹn, wo tẹ́ẹ̀dì ẹ̀. Bó bá fẹ̀ jù, téèpù funfun tí àwọn oníṣẹ́ omi ń lò, ìyípo kan péré, á dì í mú. Òrùka nìkan o. Má fi téèpù kan tẹ́ẹ̀dì tí iná ń gbà kọjá.


Oníwáyà

3.86 dáa. Kọ ọ́ sínú ìwé pẹ̀lú ọjọ́ òní, ìyẹn ni àmì tí wàá máa fi wọn ti ọ̀la. Ọjọ́ márùn-ún márùn-ún ni èmi ń nu bọ́tìnì tèmi, bó gbóná bí kò gbóná. Bátìrì náà ńkọ́, fóltì mélòó lo máa ń yọ ọ́ sí?


Àkànní_Olówùú

Ẹ̀gbọ́n, mi ò wọ̀n ọ́n rí. Ìgbà tí èéfín bá ti tẹ́ ni mo máa ń yọ ọ́.


Oníwáyà

Ìyẹn ti pẹ́ jù, pàápàá bí ìdọ̀tí bá ti ń tàn ẹ́ jẹ. Bó bá ti sinmi tí mítà sọ pé 3.5, yọ ọ́, ṣáàjì ẹ̀. Èyí tó ń lọ sísàlẹ̀ 3.2 ni ọjọ́ ayé ẹ̀ ń kúrú.


Ìyá_Bátìrì

Inú mi dùn, Àkànní. O ṣe é bó ṣe yẹ. Ohun kan ṣoṣo ló kù tó ń gún mi lọ́kàn láti ìjẹta: táǹkì tí ìṣó ẹ̀ ò yọ síta yẹn, níbo lo gbé e sí?


Àkànní_Olówùú

Mo dá a padà sórí ẹ̀rọ oníbọ́ọ̀dù, mà. Mo gé téèpù pupa, mo fi yí ìdí ẹ̀ ká, mo sì fi ẹ̀rọ náà sínú dúrọ́ọ̀ míì, kì í ṣe èyí tí ọ̀pá bàbà wà. Àbúrò mi tí a jọ ń gbé náà máa ń vape. Mo ti fi méjèèjì hàn án, mo sì jẹ́ kó fi ìka ara ẹ̀ kan ìṣó méjèèjì.